Ajá Tó Ń Ké Tẹ̀lé Ehoro

"Ẹ wá wo ajá ọdẹ o! Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ga ju àpótí tí Ìyá Àgbà fi ń jókòó dáná lọ! Ẹ wo etí! Bí kò bá ṣọ́ra, etí ara rẹ̀ ni yóò fi gbálẹ̀ dé oko!"

Ìbídàpọ̀ ló ń kígbe bẹ́ẹ̀ lójúde wa ní Òkàkà lọ́jọ́ tí ajá náà dé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ohun tó bá pani lẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kó pa wá. Sodiqat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó lóṣòó, ó gbá ajá náà mọ́ra, ó ń wo Ìbídàpọ̀ bí ẹni ń wo ògiri.

Ọmọ-ọmọ mi ni àwọn méjèèjì. Ládòkun, ọmọ mi ọkùnrin, ló bí Ìbídàpọ̀. Àdìjátù, ọmọ mi obìnrin tó fẹ́ oníṣòwò kan ní Ṣakí, ló bí Sodiqat. Ọ̀dọ̀ èmi àti ọkọ mi, Ọdẹ́bọ̀dé, ni wọ́n ń gbé nítorí ilé ìwé, kíláàsì kan náà ni wọ́n sì wà. Ìbídàpọ̀ fi oṣù díẹ̀ ju Sodiqat lọ, oṣù díẹ̀ yẹn náà ló sì ń tìtorí rẹ̀ gba "bùọ̀dá" lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́.

Ajá tí mò ń wí yìí, Caleb ló ni ín tẹ́lẹ̀. Agùnbánirọ̀ ni Caleb, ó ń kọ́ wọn ní bàólọ́jì. Irú ajá òyìnbó tí wọ́n ń pè ní bígù ni. Funfun ni, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, orí rẹ̀ sì pọ́n bí ẹni da epo lé e lórí. Nígbà tí Caleb máa lọ, ó fa okùn ajá lé Sodiqat lọ́wọ́, torí òun ló máa ń gbé àjẹkù lọ fún un. Ó ní, "Sodiqat, níbi tí wọ́n ti mú irú èyí wá, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: kó máa fi imú tọ ipa ehoro. Kọ́ ọ. Má kánjú o."

Nítorí "má kánjú" yẹn ni Sodiqat ṣe sọ ọ́ ní Díẹ̀díẹ̀.

Ìbídàpọ̀ náà ní ajá tirẹ̀, ajá ilé wa, gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi koríko ọ̀gbẹlẹ̀. Tanóbáa ló sọ ọ́. Ẹ sì mọ̀ pé nílẹ̀ wa, a kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Orúkọ ajá ni a fi ń bá aládùúgbò sọ ohun tí a kò lè sọ sí i lójú. Bí Ìbídàpọ̀ bá ti rí Sodiqat lókèèrè ni yóò máa pè é: "Tanóbáa! Tanóbáa! Ta ni yóò bá a?" Sodiqat kì í dáhùn. Á fa tirẹ̀ kọjá, á ní, "Díẹ̀díẹ̀, máa bọ̀."

Ohun tó wà láàárín wọn ju orúkọ lọ o. Fèrè ni.

Ọkọ mi ní fèrè kan tí wọ́n fi ìwo ẹtu gbẹ́. Bàbá rẹ̀ ló fà á lé e lọ́wọ́. Ẹni tó bá ni fèrè yẹn ló máa ń darí gbogbo ajá Òkàkà lọ́jọ́ ìgbẹ́ ńlá, nígbà tí ọyẹ́ bá mú, tí wọ́n sì ti dáná sun pápá. Ojú ọkọ mi ti ń ṣú bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Nísinsìnyí, bí òjìji lásán ni ó ń rí ènìyàn. Ìbọn ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọ̀n ló kù, kó jókòó tì í, kí ehoro sáré kó sí i, kó sì fọwọ́ gbá a mọ́lẹ̀. Àwọn ajá wa kì í sì í ké bí wọ́n bá ń lé ẹran. Kí bàbá arúgbó tó mọ̀ pé ehoro ti kó sí àwọ̀n, ehoro ti bọ́, ó ti lọ. Ọdún mélòó kan ni kò fi mú nǹkan kan bọ̀. Á padà dé, á jókòó, á ní òun kò jẹun.

Ó wá pe àwọn ọmọ lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ẹni tí ajá rẹ̀ bá lé ehoro wá kò mí nínú àwọ̀n, tí mo sì fi ọwọ́ ara mi mú un, òun ni mo máa fún ní fèrè kí ìgbẹ́ ńlá tó dé."

Ìbídàpọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti ka fèrè mọ́ ẹrù ara rẹ̀ tipẹ́. Ọmọ ọkùnrin, tí ọmọ ọkùnrin bí, ta ni ìbá bá a du ú?

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ajá. Bí a ṣe ń kọ́ ọ nílé wa nìyí: a ó so awọ ehoro mọ́ okùn, a ó máa wọ́ ọ nínú koríko, a ó sì ní kí ajá wá a lọ. Ọkọ mi ní òfin kan lórí rẹ̀. "Má gbé awọ kúrò nílẹ̀. Wọ́ ọ lọ, wọ́ ọ bọ̀, títí o fi máa padà dé ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀. Ehoro kì í kó ilé sílẹ̀ lọ. Yípo ló ń yípo." Láti kékeré ni Ìbídàpọ̀ ti ń wọ́ awọ bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ́ ọn lára bí ìrìn.

Tanóbáa kò ka awọ sí. Ojú ni tirẹ̀ fi ń lé ẹran, imú kọ́. Àmọ́ Díẹ̀díẹ̀! Ẹ ò rí i. Á ti imú bọ ilẹ̀, ìrù rẹ̀ á máa mì, á sì máa ké, "Wú-ú-ú! Wú-ú-ú!" bí ẹni dúró ní òdìkejì odò tó ń pe ọkọ̀. Bí ó bá ti rí awọ, Sodiqat á bu wàrà tó rà lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní fún un jẹ. Bí àkókò ìrun bá sì tó, ọmọ náà á fi iyẹ̀pẹ̀ àti omi fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀, á pààrọ̀ aṣọ, torí bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé itọ́ ajá kò gbọdọ̀ bá a dé orí ẹní. Kò pa ìrun jẹ, kò sì pa ajá tì. Èmi ni mo dá orin tó fi ń kọ́ ọ:

Ta ló gba ibí lọ, Díẹ̀díẹ̀?
Imú rẹ ló mọ̀ ọ́n.
Ta ló sá pamọ́ sábẹ́ koríko?
Imú rẹ ló mọ̀ ọ́n.
Má sáré, má sùn,
Imú rẹ ló mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dán wọn wò, èmi náà bá wọn lọ. Ìdí àpáta tó wà lẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́ wa ni. Ìbídàpọ̀ ló ta àwọ̀n, ó ta á dáadáa, ó le gbọn-in. Ọkọ mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ehoro kan fi fò dìde. Tanóbáa ti lọ! Bí ọfà ló lọ. Ìbídàpọ̀ pariwo, "Ta ni yóò bá a?" Ehoro sáré, sáré, ó kàn yí padà lójijì. Tanóbáa ré kọjá, ó dúró láàárín koríko gíga, kò rí nǹkan kan mọ́. Ó padà wá pẹ̀lú ahọ́n níta.

Ìgbà yẹn ni Sodiqat tú Díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀.

"Wú-ú-ú!"

Ọkọ mi gbé orí sókè. Ó na ọwọ́ sí wa pé kí a dákẹ́. "Ó ti yà sọ́wọ́ òsì," ó ní. "Ó ti dé ìdí igi ayin. Ẹ dákẹ́! Ó ń gun òkè. Ó ti ń yí bọ̀. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi." Ó di ọ̀pá àwọ̀n mú. Ojú rẹ̀ tí kò ríran là sílẹ̀ kedere. "Ìyá Ládòkun," ó ní, "mò ń ríran!"

Ehoro já lu àwọ̀n, ọkọ mi sì já lù ú. Bàbá arúgbó nà gbalaja nínú ìdọ̀tí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n rìn ní ìgìgìrì. Mo bú sí orin, mo jó yí wọn po. Nígbà tó dìde, ó fi ọwọ́ wá orí Sodiqat kiri títí ó fi bà á, ó sì gbé ọwọ́ lé e.

Mo wo Ìbídàpọ̀. Ó ń tú àwọ̀n. Kò gbójú sókè.

Ẹ̀yin ọmọ, owú kì í wọlé pariwo. Jẹ́jẹ́ ló máa ń wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé ọbẹ̀ ehoro fún un, ó ní òun ò jẹ. Mo ní, "Kí ló ṣe ọ́?"

"Inú ló ń run mí, Ìyá Àgbà."

"Inú ni àbí ọkàn?"

Ó wo ibi tí bàbá rẹ̀ àgbà ti ń sọ ìtàn ehoro yẹn fún Sodiqat ní ìgbà kẹta. "Àtìgbà tí mo ti ń bá wọn ta àwọ̀n," ó ní, "wọn ò pè mí jókòó rí kí wọ́n sọ̀tàn fún mi."

Mo ní, "Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra, ọmọ mi. Lọ jókòó tì wọ́n."

Kò lọ. Ní ilé ìwé, àwọn tó bá a rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí ló wá ń fi í ṣẹ̀sín. "Ìbí, a gbọ́ pé ajá ẹlẹ́sẹ̀ àpótí ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ajá rẹ!" "Ta ni yóò bá a? Díẹ̀díẹ̀ ti bá a o!" Bí ó bá ti gbọ́ "Wú-ú-ú" láàárọ̀, á fi ìrọ̀rí bo orí. Ohun gbogbo tí Sodiqat bá ṣe wá ń gún un lójú: bó ṣe ń fọ abọ́, bó ṣe ń kírun, bí bàbá àgbà ṣe ń pe orúkọ rẹ̀.

Ó mọ òfin kan tí gbogbo ọdẹ mọ̀: ajá tó bá ti tọ́ ẹ̀jẹ̀ adìyẹ ilé wò, kì í bá ọdẹ jáde mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni a pa adìyẹ fún àlejò. Ìbídàpọ̀ ní òun yóò bá mi da ìfun rẹ̀ nù. Mo ní, "O ṣé é, ọmọ mi." Mo tiẹ̀ súre fún un! Kò dà á nù. Ó so ìfun àti ìyẹ́ mọ́ okùn. Lọ́sàn-án, nígbà tí Sodiqat bá lọ sí ẹ̀kọ́ ìgbáradì ìdánwò tí Ìbídàpọ̀ kì í lọ mọ́, tí èmi bá mú ọkọ mi lọ sí ọ̀dọ̀ alágbo nítorí ojú rẹ̀, á wọ́ ọ lọ láti ẹ̀yìn ilé ìdáná wa, kọjá níwájú èèkàn Díẹ̀díẹ̀, dé ìdí àgò adìyẹ Àwáwù, aládùúgbò wa. Á tú ajá sílẹ̀ kó tọ̀ ọ́. Bí ó bá dé ibẹ̀, á fún un ní ìfun jẹ, á pa á lórí, á ní, "O káre." Ajá náà kò mọ ibi. Ẹni tó bá yìn ín, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ pé, ó wọ́ okùn náà, ó tú Díẹ̀díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì lọ jókòó sójúde, ó ṣí ìwé sílẹ̀ bí ẹni ń kàwé.

Bí a ṣe ń ti ọ̀dọ̀ alágbo wọlé, a kàn gbọ́ ohùn Àwáwù ni. "Baba Ládòkun o! Ẹ̀yin ará ilé ọdẹ! Ẹ wá wo ohun tí ajá òyìnbó yín fojú mi rí!" Ó di adìyẹ abiyamọ kan mú lẹ́sẹ̀, orí rẹ̀ ń fì. Àwọn ọmọ adìyẹ tó kù ń ké tẹ̀lé e bọ̀ lójú ọ̀nà. "Èwo ni tèmi nínú ọ̀rọ̀ ehoro? Ṣé mo jọ ehoro ni? Ṣé adìyẹ mi létí gígùn?"

Àwọn ènìyàn péjọ. Sodiqat ń ti ilé ìwé bọ̀, ó rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu Díẹ̀díẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbídàpọ̀ dìde. "Baba, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Ajá tó bá ti tọ́ ẹ̀jẹ̀ adìyẹ wò..."

"Mo mọ ohun tí mo kọ́ yín," ni ọkọ mi wí. Ó yíjú sí ibi tí ohùn Àwáwù wà. "Ìyá Misturat, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ajá yìí ń bọ̀ ní ilé yín, ṣé ó dákẹ́ ni, àbí ó ń ké?"

"Ó dákẹ́ kẹ̀? Láti ìdí ilé yín níbí ló ti ń ké bọ̀! Mo rò pé wọ́n ń kéde òkú ni!"

Ọkọ mi ní, "Ajá tó fẹ́ jí adìyẹ kì í ké. Olè wo ló ń fọn fèrè lọ síbi tó ti fẹ́ jalè? Ìgbà tó bá ń tọ ipa nìkan ni ajá yìí ń ké. Adìyẹ a sì máa jẹ̀ káàkiri, kì í rìn tààrà. Ta ló la ọ̀nà fún un láti ilé mi dé ìdí àgò yín?" Ó na ọwọ́. "Sodiqat, dìde. Mú un lọ sí ìdí àgò náà. Kó parí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀."

Mo rí i tí ojú Ìbídàpọ̀ yí padà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó ti ń wọ́ awọ láti kékeré, tí wọ́n ti kọ́ pé kó má gbé e kúrò nílẹ̀, kó wọ́ ọ lọ, kó wọ́ ọ bọ̀! Kò ronú sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é fún un. Láti ìdí àgò Àwáwù, ó ti wọ́ okùn náà yípo padà dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ti imú bọlẹ̀. "Wú-ú-ú!" Ó gba ẹ̀yìn kànga, ó gba àárín ẹ̀gẹ́, gbogbo wa ń tẹ̀lé e. Ó yà sí ẹ̀yìn ilé ìdáná wa, ó sì fi imú ti àpáàdì ńlá kan ṣubú. Okùn ló wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìyẹ́ àti ìfun gbígbẹ. Okùn tí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ hun fún Ìbídàpọ̀ ni.

Díẹ̀díẹ̀ nìkan ló mọ ohun tó kàn. Ó kúrò nídìí àpáàdì, ó gba àárín ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn kọjá, ó wá jókòó síwájú Ìbídàpọ̀. Ó ń ju ìrù. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ń retí kó pa òun lórí, kó ní, "O káre."

Ìyẹn ló fọ́ ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Baba, ẹ̀yin lẹ ní ẹ ń ríran. Kì í ṣe ajá tèmi ló jẹ́ kí ẹ ríran."

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni ọkọ mi wí. Ó wá a lọ, ó dúró síwájú rẹ̀. "Ìbídàpọ̀. Ta ló ta àwọ̀n lọ́jọ́ náà?"

"Èmi ni, sà."

"Afọ́jú tó já lu àwọ̀n lókùnkùn ojú rẹ̀, ta lo rò pé ó gbára lé? Bí àwọ̀n yẹn bá tú, kí ni ohùn ajá máa ṣe fún mi? Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ. N kò sọ ọ́, àṣìṣe tèmi nìyẹn. Àmọ́ adìyẹ obìnrin yìí kú, kì í ṣe nítorí pé n kò yìn ọ́. Nítorí pé o kò lè gbà kí wọ́n yin ẹlòmíràn ni."

Sodiqat ti ń fi igun ìborùn rẹ̀ nu ẹnu ajá rẹ̀. Ó ní, "Bùọ̀dá Ìbí, ẹ̀ bá kúkú na èmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ẹgba lọ.

Ọkọ mi dájọ́. Ìbídàpọ̀ ni yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ adìyẹ Àwáwù tó di aláìníyàá, títí wọn yóò fi dàgbà, tí wọn yóò sì máa yé ẹyin. Òun náà ni yóò máa fi awọ ehoro tún Díẹ̀díẹ̀ kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, láàárín adìyẹ, títí ajá yóò fi máa kọjá lára wọn bí ẹni kọjá lára òkúta. Bí ajá náà kò bá kọ́ ọ padà, kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí yóò lọ sí ìgbẹ́ ńlá. Fèrè sì di ti Sodiqat.

Àwọn ọmọ ilé ìwé sọ ọ́ ní Bàbá Adìyẹ. Ó ń gbé agolo àgbàdo lílọ̀ kọjá níwájú wọn láàárọ̀, àwọn ọmọ adìyẹ ń tẹ̀lé e bí ìyá wọn. Àwáwù á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Bàbá Adìyẹ, èyí tó dúdú yẹn kò yó o!" Èmi á sì máa fi orin kọ́wọ̀ọ́rìn pẹ̀lú wọn:

Adìyẹ bà lókùn, ó ní òun ríbùsùn,
Ẹ bá mi yìn ín, kó má sùn lébi.

Ó ń bínú sí mi. Ẹ̀rín á sì gbà á lẹ́nu.

Díẹ̀díẹ̀ kọ́ ọ padà. Ó gba sùúrù, torí ìwà burúkú yá kọ́ ju rere lọ.

Ní ọjọ́ ìgbẹ́ ńlá, eérú pápá ń ta ní ẹsẹ̀ wa. Sodiqat dúró lórí àpáta, ó fọn fèrè. Gbogbo ajá Òkàkà bẹ́ sínú pápá. Ìbídàpọ̀ wà nídìí àwọ̀n pẹ̀lú bàbá àgbà. Nígbà tí fèrè dún, ó gbójú sókè wo orí àpáta. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín: owú kì í kú lọ́jọ́ kan. Ó ṣì ta á. Àmọ́ ó fa okùn àwọ̀n le sí i.

"Wú-ú-ú!"

"Ó ti dé ibo?" ni ọkọ mi bi í, bẹ́ẹ̀ ó gbọ́ ọ dáadáa.

"Ó ti yí bọ̀, Baba. Ẹ múra."

Ehoro já wọ àwọ̀n, bàbá arúgbó já lù ú, àwọ̀n kò tú. Ìbídàpọ̀ ló sì kọ́kọ́ fò sókè, ló fi gbogbo ẹnu kígbe sí orí àpáta, "Sodiqat! Ajá rẹ ti ṣe é o! Ó ti ṣe é!"

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Bí wọ́n bá yin ẹnì kejì rẹ lónìí, kò bu tìrẹ kù. Ẹni tó bá ń wọ́ ibi kiri ilé ẹlòmíràn, ibi kì í dúró níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ẹni tó wọ́ ọ ni yóò bá a dé. Wá àwọ̀n tí ìwọ náà lè ta, kí o sì ta á le. Bí ọmọ ẹlòmíràn bá ṣe dáadáa, la ẹnu rẹ kí o yìn ín. Yóò kọ́kọ́ korò lọ́nà ọ̀fun. Ṣáà pariwo rẹ̀ bíi ti Ìbídàpọ̀.